Orúkọ Ajá Bàbá Onítípà

Bí òjò bá ti dá ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà yẹn, òórùn méjì ló máa ń wọlé bá wa: òórùn epo tó ń jò lábẹ́ típà aládùúgbò wa, àti òórùn eérú tútù láti inú ọgbà ẹ̀fọ́ ìyá mi lẹ́yìnkùlé. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe lẹ́yìn òjò, àyà mi á kọ́kọ́ já ná kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé Ẹ̀gbẹ́dá òde òní lo mọ̀, tí ilé ti fara gbá ilé, o ò lè mọ èyí tí mò ń wí. Igbó ni jàre! Oko ẹ̀gẹ́ àwọn onílẹ̀ ló yí wa ká, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ mọ́tò á fẹsẹ̀ rìn dé Dópẹ̀mú. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ayé ń kọ́lé, katapíla ń wó igi láràárọ̀, eruku sìmẹ́ǹtì ń bà lé aṣọ tí a bá sá. Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ra ilẹ̀, ó kọ́lé sí i, a sì kó wọlé kí ọ̀dà tó kan ògiri. Mo yangàn o, n ò ní purọ́. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ránṣọ ní Dópẹ̀mú, mo di ìyàwó láńlọ́ọ̀dù l'Ékòó!

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá mi wá láti Ọ̀yọ́ láti bá mi wẹ ọmọ. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Àwọn ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú mi kò dúró, èmi nìkan ló kù tó ń pè lọ́mọ, òun nìkan ló sì ń gbé yàrá rẹ̀ nínú agbo ilé ńlá tí àwọn èwe ti kó jáde tán. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé bó bá ti wá, kò tún ní padà lọ dá gbé mọ́. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní, "Ṣé ìyá tèmi náà kọ́ ni?" Ìyá mi gan-an ni kò gbà. Ojú ń tì í pé ilé àna òun lòun wà. Ó ní, "Ilé ọkọ rẹ nìyí o. Kí ni àwọn èèyàn á máa sọ, pé mi ò ní ibi tí màá lọ ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo tilẹ̀ gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀ pé kó dá òun náà lóhùn. Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá fún mi ní ibi tí mo lè gbin ẹ̀fọ́ sí, mo lè ní sùúrù fún Èkó yín yìí."

Kí n tó dúpẹ́ tán, ó ti tú etí ìró rẹ̀. Àṣé láti Ọ̀yọ́ ló ti di irúgbìn ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata mọ́ ọn. Obìnrin tó ní òun ò ní pẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ṣán ẹ̀yìnkùlé, ó kọ ebè, ó ń da eérú ìdáná sí i, ó sì gbin ewúro sí igun kan lẹ́bàá kànga. Lẹ́yìn ìrun Alásárì lójoojúmọ́, á pọn ọmọ mi, á jókòó sórí àpótí láàárín ebè, á máa fa koríko, á máa bá ẹ̀fọ́ àti ọmọ sọ̀rọ̀ pọ̀, débi pé èèyàn ò ní mọ èwo ló ń kì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bá a níbẹ̀, ara á tù mí. Mo mọ̀ pé bí ọgbà yẹn bá wà, ìyá mi wà.

Aládùúgbò tó kángun sí wa lẹ́yìn, Bàbá Onítípà la máa ń pè é. Iyanrìn ló ń fi típà rẹ̀ kó fún àwọn tó ń kọ́lé. Ó ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aládùúrà ni. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ súùtánà funfun, á fẹsẹ̀ lásán gba inú ẹrẹ̀ kọjá níwájú ilé wa, àbàwọ́n kan ò sì ní kan aṣọ náà. Títí dòní mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí àwa tó dé ibẹ̀. Òun àti ajá méjì ló ń gbélé. Ọ̀kan ti darúgbó, etí rẹ̀ kan ti já, Bíńgò ló ń jẹ́. Èkejì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó pupa, ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá, Padàsílé ló ń jẹ́. Kì í so wọ́n. Bí ó bá ti gbéra ní ìdájí, àwọn méjèèjì á gba ojú ọ̀nà lọ, wọ́n á jẹ̀ káàkiri, ọgbà ìyá mi ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí. Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá ti dé, á dúró lẹ́yìn ilé rẹ̀, á fa ohùn gùn: "Padàsílé! Padàsílé o! Padàsílé oooo!" Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọkọ mi, pé ajá lásánlàsàn ni bàbá yìí ń ké pè bí ẹni ń pe ìrun.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ṣọkọ àkọ́kọ́ tó já. Ìyá mi ti kìlọ̀ pé kí n má ra ẹ̀fọ́ bọ̀ o, pé ti ọgbà la máa jẹ. Ìrun ló wọlé lọ kí. Nígbà tó máa fi jáde, Padàsílé ti gbẹ́ ihò sáàárín ebè, ó ti sùn gbalaja sínú rẹ̀, ṣọkọ ti fọ́n káàkiri, Bíńgò sì gbé ẹsẹ̀ sókè nídìí ata. Ẹ̀fọ́ tí ajá tọ̀ sí, ta ló máa jẹ ẹ́? A sọ gbogbo rẹ̀ nù. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n tún lọ fẹnu kan búútà tí ìyá mi fi ń ṣe àlùwàlá. Mùsùlùmí ni wá, o sì mọ bí itọ́ ajá ṣe rí lójú wa. Mo dúró, mo ń wò ó bó ṣe ń fi iyanrìn àti omi fọ búútà náà léraléra.   Mo gbá ìró mi mọ́ra, ó di ẹnu ọ̀nà Bàbá Onítípà.

"Ẹ jáde wá kó àwọn ajá yín o! Ṣé ẹ̀fọ́ la gbìn ni, àbí ibùsùn la tẹ́ fún wọn?"

Ó jáde, ó ń fi àkísà nu epo lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, ìyàwó. Ẹ bá mi bẹ ìyá."

"Mi ò bẹ̀bẹ̀ kankan. Ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀!"

"Mi ò lè so wọ́n."

"Kí ló dé? Ṣé okùn ló wọ́n ni?"

Ojú ọ̀nà ló ń wò, kò wo èmi. "Mi ò lè so wọ́n ṣá."

Há! O ò bá mi nígbà èwe, ẹnu mi mú. Mo sọ̀rọ̀ débi pé káfíńtà tó wà lórí òrùlé kejì dá òòlù rẹ̀ dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Bàbá kàn ń tẹ orí ba. Ọ̀rọ̀ "mi ò lè so wọ́n ṣá" yẹn ló ń dùn mí jù. Mo ní agídí ni, mo ní nítorí pé owó ń wọlé fún àwọn onítípà ni wọn ò ṣe ka èèyàn sí mọ́.

A fi ọparun ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ náà ká, àwọn ajá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. A kó ẹ̀gún dí i, wọ́n wá ibòmíràn gbà. Ìyá mi á tún ebè rẹ̀ kọ, á tún gbin òmíràn, kò tilẹ̀ bínú tó mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo kíyè sí ni pé bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ajá rẹ̀, ìyá mi á dìde lórí àpótí, á fi ìborùn bo orí, á wọlé, kódà bí koríko bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ajá ló ń bà á. Ìyẹn tún wá jẹ́ kí n túbọ̀ kórìíra wọn.

Ọkọ mi ló fi sùúrù lọ bá ọkùnrin náà, àṣé sùúrù ló ń dúró dè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bọ́ súùtánà, ó já páànù ògbólógbòó àti pákó kalẹ̀ láti inú típà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Òun àti ọkọ mi ló gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri páànù náà mọ́lẹ̀ dáadáa kí ajá má lè gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí ìyá mi láàárín ebè, ó tẹ̀ ba, ó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ mà ti pẹ́ níbí o!" Mo rò ó pé ó ń yìn ín ni, pé láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé o," ó sì wọlé, kò jáde mọ́ títí wọ́n fi kan páànù tán.

Ajá ò wọlé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀fọ́ wá dùn ún wò! Ilá so, ata pọ́n, mò ń já tẹ̀tẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi ní Dópẹ̀mú, mò ń fọ́nnu pé ìyá mi ló gbìn ín. Nǹkan kan péré ló yí padà. Páànù ti dí Bàbá lójú, kò rí ibi tí ajá rẹ̀ wà mọ́, ló bá ń gbóhùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Padàsílé oooo!" Ohùn náà á kọ lu páànù, á wá máa dún gbọngbọn nínú ilé wa. Mi ò kà á sí. Mo ti borí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àfi bí mo ṣe dé láti ibi iṣẹ́ tí mo bá ẹrù ìyá mi ní dídì lórí àga.

"Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé ni. Ọmọ ti ń rìn, kí ni mo tún ń dúró ṣe?"

"Ajá ò wọlé mọ́ o! Ẹ wo ọgbà bó ṣe rí!"

"Mo rí i. Ọlọ́hun á bù kún yín. Ó tó kí n máa lọ sílé ni."

Mo sunkún, kò gbọ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ìyá mi gbé e dìde, ó gbàdúrà fún un, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ ṣí ní Agége, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí n máa bomi rin ata. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo padà sílé, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ láàárín ebè, mi ò mọ ẹni tí mo lè bá jà.

Nígbà Iléyá, mo gbé ọmọ lọ kí i l'Ọ̀yọ́. Inú rẹ̀ dùn. A jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, a ń sọ tibí, a ń sọ tọ̀hún. Ó kàn ṣàdédé béèrè pé, "Ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo, Màmá?"

"Ẹni tó ń lé mi. Ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀ báyìí, mo ti padà sílé."

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé mi, mo pariwo. "Màmá, ajá rẹ̀ ló ń pè o!"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Mo mọ̀ pé ajá ló ń pè. Ṣé adití ni mí ni? Ta ló ń sọ ajá lórúkọ lásán?"

 O mọ bí wọ́n ṣe ń fi ajá bá èèyàn wí nílẹ̀ wa. Nínú agbo ilé yẹn gan-an, ìyáálé kan wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó sọ ajá rẹ̀ ní Máyọ̀mí. Ìyàwó kékeré lọ ra tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Kílókànọ́. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ajá ni wọ́n ń pè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo ilé sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti lo ayé rẹ̀. Ojú àna ti ń tì í tẹ́lẹ̀, ẹnìkan wá dúró lẹ́yìn ilé, ó ń fi ajá sọ fún un ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ pé kó padà sílé. Màmá ní, "Ó tiẹ̀ sọ ọ́ sí mi lójú lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan páànù. Ó ní mo ti pẹ́ níbẹ̀." Èmi ti di ọmọ Èkó, orúkọ ajá ni mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ni ìyá mi gbọ́. Àwa méjèèjì sì ń gbé inú ilé kan náà, a ò sọ ọ́ síra wa!

Mi ò tú ẹrù mi nígbà tí mo padà dé Ẹ̀gbẹ́dá. Abẹ́ típà ni mo ti bá Bàbá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jáde wá. Ta lẹ fi orúkọ ajá yín bá wí?"

Ó rọra fà jáde, ó jókòó sórí iyanrìn.  Ó wá ní, "Ọmọ mi ni." Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló lọ wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun abẹ́lé. Ajá ọmọ náà ni Bíńgò. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, Bíńgò á ti lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ogun parí, ọmọ ẹlòmíràn ń dé, tirẹ̀ kò dé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó kú. Nígbà tí ajá kan ládùúgbò bímọ fún Bíńgò, Bàbá gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó sì sọ ọ́ ní Padàsílé. Ó ní, "Ajá nìkan ni mo lè máa fi orúkọ yẹn pè láìjẹ́ pé wọ́n ní orí mi ti dàrú." Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lè so wọ́n. Ó tún wo ojú ọ̀nà. "Bí mo bá so wọ́n, ta ni yóò lọ pàdé rẹ̀?"

Nígbà tí mo sọ ohun tí ìyá mi gbọ́ fún un, ó gbé ọwọ́ elépo rẹ̀ lérí. "Ìyá gbọ́ ọ sí ara wọn? Yéè! Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi típà gbé yín, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn." Mo ní kó fara balẹ̀, pé èmi fúnra mi á lọ sọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ Padàsílé lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó kàn ń súfèé sí ajá ni. Ó dùn mí wọra. Ibi kan ṣoṣo tó ti ń pe ọmọ rẹ̀, ẹnu wa ti dí i.

Mo lọ sọ fún ìyá mi. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, pé á di ẹrù rẹ̀ ká jọ máa lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ti sin ọmọ rí ni. Ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ ọmọ náà, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò bi bàbá rẹ̀.  Ó wá ní, "Ǹ bá mà ti bá a pè é." Lẹ́yìn náà ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Bí o bá dé Èkó, bá mi pè é."

Ó ní bí òjò bá lọ, òun á wá. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún kí òjò tó lọ, kò sì tún fi ojú kan Ẹ̀gbẹ́dá mọ́. Yàrá yẹn náà ló kú sí, òun nìkan. Èèyàn máa ń ní Ọlọ́hun ló mọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí aládùúgbò bá sọ ọ̀rọ̀ tó ta mí lára báyìí, mo máa ń lọ bá a, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi lẹ ń bá wí?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe èmi. Inú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn nígbà náà; mo máa ń ronú bí ìbéèrè yẹn ṣe kéré tó, àti bí kò ṣe sẹ́ni tó bi í nígbà tó yẹ.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ti Ọ̀yọ́ dé, mo pọn ọmọ mi, mo lọ dúró nídìí páànù láàárín ẹ̀fọ́ tí koríko ti ń bò, mo sì fa ohùn gùn bí Bàbá ṣe máa ń fà á: "Padàsílé! Padàsílé o!"  Ìgbà tó yá ni ohùn Bàbá dáhùn láti òdìkejì, ó gbà á lẹ́nu mi, ó ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ni òun ń pè. Èmi ń pè é fún ìyá mi, mo sì ń pe ìyá mi mọ́ ọn. A jọ ń ké e títí ilẹ̀ fi ṣú, páànù wà láàárín wa. Ajá nìkan ló dé.